Bí A Ṣe Ń Fi Íápíìsì Olówó Pọ́ọ́kú Wéra: Bí Ó Ṣe Jókòó Sétí àti Bí Ó Ṣe Ń Dún

Ọ̀pọ̀ íápíìsì tí àwọn èèyàn ń bú kiri ní Kabba, ní Ìsánlú àti ní Mopa pé kò dún ni kò ní àbùkù kankan. Rọ́bà tó wà lórí rẹ̀ ni kò bá etí ẹni tó rà á mu. Ẹni náà yóò yọ ọ́ nínú páálí, yóò kì í bọ etí pẹ̀lú rọ́bà tí ilé iṣẹ́ fi sí i, yóò gbọ́ orin kan lórí rẹ̀, yóò sì dájọ́ lójú ẹsẹ̀ pé ti ọ̀rẹ́ òun dára ju ti òun lọ. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í tọ́. Íápíìsì tí a ń kì bọ ihò etí yàtọ̀ sí sípíkà tí a gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, nítorí pé ihò etí wa fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bí ìró náà yóò ṣe rí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi méjì tàbí mẹ́ta wéra, tí kò sì fẹ́ ná owó rẹ̀ dànù, ní láti kọ́kọ́ rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jókòó sétí bó ṣe yẹ, kó tó máa sọ èyí tó dún jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ íápíìsì tí owó rẹ̀ kò wọ́n, òòfà kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí a ká róbótó àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ wáyà náà mọ́. Bí iná láti inú fóònù bá ṣe ń gba wáyà yẹn kọjá ni òòfà yóò máa fà á, tí yóò sì máa tì í, awọ náà yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti ìlù etí wa. Etí ọ̀dọ́ tí kò ní àìlera lè gbọ́ ìró láti nǹkan bí 20 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) títí dé nǹkan bí 20,000 Hz, bí a bá sì ṣe ń dàgbà sí i ni apá òkè ń dín kù. Ìró ìsàlẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní béèsì, kò lè dúró àfi bí àyè kékeré yẹn bá dí pa. Bí àlàfo díẹ̀ bá wà láàárín rọ́bà àti ara ihò etí, ibẹ̀ ni béèsì yóò gbà jáde, ṣùgbọ́n ìró tó mú, tó sì tínrín, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a lọ. Ohun tí yóò kù fún olùgbọ́ ni orin gbígbẹ tó ń gún etí, àti ìlù tí kò ní ìdí. Bí ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ má tíì bú íápíìsì náà.

Ọ̀pọ̀ páálí ló máa ń ní rọ́bà oríṣi mẹ́ta nínú, kékeré, èyí tó wà láàárín, àti ńlá, tí wọ́n sábà máa ń kọ S, M àti L sí. Ẹ dán gbogbo wọn wò, kódà bó bá dá yín lójú pé ẹ ti mọ èyí tó bá yín mu. Etí ọ̀tún àti etí òsì ọ̀pọ̀ èèyàn kò dọ́gba, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ẹ lo M sí ọ̀kan, kí ẹ sì lo L sí èkejì. Bí a ṣe ń kì í bọ etí náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ R àti L sí, R fún ọ̀tún, L fún òsì. Ẹ gbé ọwọ́ òsì gba ẹ̀yìn orí, kí ẹ fi di òkè etí ọ̀tún mú, kí ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn, nítorí pé ihò etí àgbàlagbà kò tọ́ gbọnrangandan, fífà yìí ló sì ń mú un tọ́. Bí ẹ ṣe dì í mú bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti íápíìsì wọlé, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí rọ́bà yóò fi jókòó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi etí sílẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà sí apá kejì. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ ń tì í, afẹ́fẹ́ ló ń tẹ awọ inú rẹ̀, kì í sábà túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Ẹ kàn rọra máa tì í ni. Kò gbọ́dọ̀ dùn yín.

Mímọ̀ pé ó ti dí kò le. Kí ẹ tó tan orin rárá, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: bí rọ́bà bá ti dí ihò náà, ohùn yín yóò máa dún nínú orí yín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò, ariwo ìta yóò sì lọ sílẹ̀. Bí apá kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí apá kejì kò sì ṣe é, ẹ ti rí apá tó ń jò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan orin tí béèsì rẹ̀ ń lọ láìdáwọ́ dúró, kí ẹ fi ìka tẹ íápíìsì wọlé díẹ̀ láìfi agbára kún un. Bí béèsì bá pọ̀ sí i bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, tó sì tún sá lọ bí ẹ ṣe gbé ìka kúrò, rọ́bà náà ti kéré jù tàbí kò tíì wọlé tó. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ó ti jókòó nìyẹn. Ẹ tún un ṣe nígbà tí ẹ bá ń jẹ ẹ̀pà tàbí obì, nítorí pé bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni ìrísí ihò etí ń yí padà. Rọ́bà tó dí nígbà tí a dákẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò bí a bá la ẹnu. Ẹ rìn yí ilé ká, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbá ilẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá ń yọ́ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ní dúró fún ẹni tó ń rìn lọ sóko tàbí tó ń sáré ní òwúrọ̀, nígbà tí òógùn bá ti dé.

Bí kò bá sí ọ̀kan nínú rọ́bà mẹ́ta náà tó bá yín mu, ẹ wá rọ́bà mìíràn rà lọ́tọ̀ kí ẹ tó ju íápíìsì náà nù. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí ìró òkè mọ́ gaara sí i, èyí tí ẹnu rẹ̀ há sì máa ń jẹ́ kí ó rọlẹ̀. Oríṣi oní-fóòmù tún wà, tí a ń fi ìka fún kó tín-ín-rín, kí a kì í bọ etí, kí a sì dì í mú fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá títí yóò fi wú kún ihò náà. Fóòmù ń dí ju rọ́bà lọ, kì í sì yọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ìró tó mú rọ̀, ó ń tètè dọ̀tí, ó sì ń gbó.

Pé ó dí kò túmọ̀ sí pé ó rọ etí lọ́rùn. Ẹ lò ó fún wákàtí kan gbáko nínú ilé. Rọ́bà tó tóbi jù yóò máa ti ihò etí láti inú, ara íápíìsì tó ní igun yóò sì máa tẹ egungun rírọ̀ etí títí ibẹ̀ yóò fi pọ́n. Ìnira tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí kìíní kì í dín kù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, okùn wọn ń bọ́ tààrà sí àyà. Àwọn kan ṣe róbótó, a sì ń gbé okùn wọn gba òkè etí lọ sẹ́yìn. Oríṣi kejì yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé bí okùn bá ń fara kan aṣọ, ìró gbọ̀ngbọ̀n rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú etí. Ẹni tó ń wọ dígí lè rí i pé okùn náà àti apá dígí ń du àyè kan náà lẹ́yìn etí. Àwọn ìyá tí ń wé gèlè bo etí àti àwọn bàbá tí ń dé fìlà abetí ní láti wo èyí tí kò yọ síta, tó jókòó sínú àwo etí pátápátá. Èyí tó bá yọ síta, gèlè yóò máa tẹ̀ ẹ́ wọlé, yóò sì máa dun ni.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìsọ̀. Ẹni tó wà ní Kabba tàbí ní Ìyàrá lè lọ sí Lọ́kọ́ja láti rà á, ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ sì lè kọjá sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àtilọ dá a padà lè ju iye íápíìsì fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà ibi tí a ti rà á ni kí a ti dán an wò. Ẹ máa mú rọ́bà tiyín dání, èyí tí ẹ ti mọ̀ pé ó bá yín mu, kí ẹ sì fi fóònù tiyín dán an wò. Ẹni tó bá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, rọ́bà tèmi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ, tiyín yóò wà nínú páálí rẹ̀,” sábà máa ń rí ojú rere ju ẹni tó fẹ́ kì rọ́bà tuntun bọ etí lọ, ó sì tún mọ́ tónítóní ju lílo èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Iwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń fi sípíkà ńlá pe oníbàárà kò ṣeé dájọ́ ohunkóhun. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Níbẹ̀, ẹ tan ohùn ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀. Àárín orí gan-an ló yẹ kí ohùn náà wà. Bó bá ń fà sí apá kan, ẹ pààrọ̀ ọwọ́ wọn, kí ẹ ki R bọ òsì, kí ẹ ki L bọ ọ̀tún. Bí ìfàsí náà bá tẹ̀ lé íápíìsì lọ sí apá kejì, íápíìsì ló ní àléébù. Bó bá dúró sí etí kan náà, etí yín tàbí bí rọ́bà ṣe jókòó níbẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ mi okùn rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu tó wọ fóònù, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń já, kí ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ sì bi í bóyá ó ń gbọ́ yín ketekete.

Nígbà tí ìjókòó bá ti tọ́, a lè wá sọ̀rọ̀ dídún. Ohun kan wà tó ń tan etí jẹ ju gbogbo ohun yòókù lọ: èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Ìdí wà fún èyí. Ní ọdún 1933, Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ nípa ìró ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé etí èèyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa nígbà tí ìró bá lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń gbé e sókè ni béèsì ń yára bá ìró àárín dọ́gba. Íápíìsì méjì kì í sì í pariwo bákan náà lórí fóònù kan náà. Ọ̀kan lè nílò kí a tẹ fọ́lúùmù dé ibi keje, kí ibi karùn-ún sì tó fún èkejì. Nítorí náà, ẹ fi ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ yí ti àkọ́kọ́ sí ibi tí ohùn náà ti dún gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó jókòó tì yín tó ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì títí ohùn kan náà yóò fi dọ́gba. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi ìgbésẹ̀ kan rẹ èyí tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí ni ká máa gbọ́? Ohun tí etí yín ti mọ̀ dénú ni. Mo ka ọ̀rọ̀ sísọ sí ju orin lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ohùn bàbá tàbí ìyá yín sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ki oríkì tàbí tí wọ́n ń sọ èdè Okun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, nítorí pé ẹ mọ bí ohùn náà ṣe rí lójúkojú, kò sì sí ẹni tó lè fi dídùn orin tàn yín jẹ níbẹ̀. Àmì ohùn wa, ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, kì í tètè sọnù lórí íápíìsì, kódà lórí èyí tí kò dára. Kọ́ńsónáǹtì ló ń kọ́kọ́ lọ. Ìró ṣ máa ń lágbára láti nǹkan bí 2,000 Hz sókè, agbára s sì sábà máa ń wà lókè 4,000 Hz. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka gbólóhùn bí “ó sá lọ,” “ó ṣá igi,” “ọwọ́ òsì,” “ìṣẹ́ àti òṣì” sínú fóònù, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Íápíìsì tí ìró òkè rẹ̀ kò tó yóò mú kí s àti ṣ jọra, ẹ óò sì máa fi òye gbé ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí wàásù gígùn fi ń rẹ èèyàn lórí irú rẹ̀. Èyí tí ìró òkè rẹ̀ pọ̀ jù yóò mú kí gbogbo s máa sú fìì, yóò sì máa gún yín.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìlù. Ìyáàlù dùndún dára púpọ̀ fún ìdánwò yìí, nítorí pé nǹkan méjì ló ń dún lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ohùn awọ tó ń sọ̀rọ̀ láàárín, àti ṣaworo etí rẹ̀ tó ń dún ṣẹ̀nẹ̀ṣẹ̀nẹ̀ lókè. Lórí íápíìsì tó dára, ẹ lè tẹ̀ lé ọ̀kan láìpàdánù èkejì. Bí ẹ bá gbọ́ ìlù tí ẹ kò gbọ́ ṣaworo, ẹ mọ ohun tó kù. Bí ṣaworo bá sì bo ìlù tí ẹ kò fi mọ ohun tí onílù ń sọ mọ́, ó ti mú jù. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá tan orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó pín sí ohùn mẹ́rin, kí ẹ máa wá ohùn áltò, èyí tó máa ń sá pamọ́ sáàárín. Béèsì tó wú jù ló sábà máa ń gbé e mì. Púpọ̀ nínú àwọn íápíìsì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi béèsì kún nítorí pé òun ni oníbàárà ń kọ́kọ́ gbọ́ nínú ìsọ̀, ìyẹn ò sì burú fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìlù ńlá lù, kó sì dákẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá ń fà títí kan lílù tó tẹ̀ lé e, béèsì náà pọ̀ ni, kò dára.

Ibi tí ìró náà ti ń wá ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ohùn tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ti fún un mọ́ra fún ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà inú fóònù tó gbà á sílẹ̀ ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Rédíò FM kì í gbé ìró tó kọjá nǹkan bí 15,000 Hz. Ó tó fún ọ̀rọ̀, kò tó láti fi dá ìró òkè lẹ́jọ́. Ẹ pa gbogbo àfikún ìró tó wà nínú fóònù, nítorí pé òun náà ń fi béèsì kún un, ẹ kò sì ní mọ ti fóònù yàtọ̀ sí ti íápíìsì. Bó bá jẹ́ pé fóònù yín ń lo ẹnu kékeré tí a fi ń so okùn mọ́ ihò ṣáàjì, ọ̀kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo wọn.

Nípa ohun tí wọ́n kọ sára páálí, mo máa ń sáré kọjá níbẹ̀. “20 Hz sí 20,000 Hz” wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, kò sì sọ bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe pariwo tó láàárín ìyẹn, èyí tó jẹ́ ohun tí a fẹ́ mọ̀ gan-an. Títóbi awọ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé yóò dún dáadáa, 16 tàbí 32 ohm (òṣùwọ̀n bí ó ṣe ń dènà iná tó) sì rọrùn fún fóònù èyíkéyìí. Iye owó náà kì í ṣe ẹ̀rí: ní 2022 ni íápíìsì méjì kan, Moondrop Chu àti 7Hz Salnotes Zero, jáde ní nǹkan bí 20 dọ́là, àwọn tó mọ ìró dáadáa sì yìn wọ́n ju ọ̀pọ̀ tó wọ́n jù wọ́n lọ. Ẹ ní kí ẹlòmíràn bá yín pa iye owó mọ́ títí ẹ óò fi kọ èrò yín sílẹ̀.

Oní-Bluetooth tàbí olókùn? Fún ilé tí iná kì í dúró, èmi yóò mú olókùn. Kì í gba ṣáàjì, ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ dé lẹ́yìn àwòrán, lórí ọ̀pọ̀ fóònù sì ni okùn rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bí áńtẹ́nà rédíò, èyí tó wúlò gan-an fún ìlú tó jìnnà sí ilé iṣẹ́ rédíò.

Ẹ má parí ìdánwò lọ́jọ́ kan. Gbígbọ́ apá kékeré kan náà nínú orin, kí a máa pààrọ̀ wọn kíákíá, ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n etí máa ń mọ́ra sí ohun tó ti ń gbọ́, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ etí yóò sì kọ́kọ́ ṣàjèjì. Ẹ lo ọ̀kan fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ lo èkejì bákan náà, kí ẹ sì ṣàkíyèsí èyí tí ọwọ́ yín ń lọ bá láìrò ó.

Rọ́bà tó dí dáadáa ń dáàbò bo etí pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè gbọ́ ìró 80 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pariwo tó) fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé 90 dB, wákàtí 4 péré ni. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ sì ń jò, yóò máa yí fọ́lúùmù sókè láti borí jẹnẹrétọ̀; ẹni tí tirẹ̀ dí kò nílò rẹ̀. Àmọ́ dídí yìí kan náà ni kò jẹ́ kí a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Lójú ọ̀nà Kabba sí Ọbàjáná, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń kọjá, ẹ yọ ọ́ kúrò létí, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ni ẹ fi ń rìn tàbí ọ̀kadà ni ẹ gùn.

Lọ́jọ́ iwájú, bí apá kan bá lọ sílẹ̀, idọ̀tí etí àti eruku ọyẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ rọ́bà, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ da ojú íápíìsì délẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbá asẹ́ ẹnu rẹ̀, kí idọ̀tí lè já sísàlẹ̀. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un. Bí kò bá padà sípò, tí mímì okùn sì ń mú kó máa lọ máa bọ̀, okùn ló ti já nínú. Èyí tí okùn rẹ̀ ṣeé yọ, bíi Salnotes Zero, ẹ lè ra okùn mìíràn fún un. Èyí tí okùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe, kí wọ́n gé ibi tó já, kí wọ́n sì jó ẹnu tuntun mọ́ ọn.